Paystack lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kílíṣí: ₦100 yẹn ni kí ẹ ṣọ́

Bí ohun tí ẹ ń tà bá ti tó ₦20,000 sókè, ẹ má wulẹ̀ ka àròyé mi yìí parí. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ máa gbowó yín, iye tí wọ́n ń yọ kò ní dùn yín. Ṣùgbọ́n bí ọjà wẹ́wẹ́ bá ni tiyín bíi tèmi, tí oníbàárà yóò ra kílíṣí ọ̀rá kan àti dàbínù ike kan, tí yóò sì ní káàdì lòun fẹ́ fi sanwó, ẹ jókòó ká jọ ṣírò.

Kubwa, ní Àbújá, ni mò ń gbé. Ọjà Òkè Ọya ni mò ń tà ránṣẹ́ sílé: kílíṣí tí Màláàmù kan ń bá mi sá ní Dei-Dei, dàbínù, ófíò gbígbẹ, òrí láti Ìpínlẹ̀ Niger, acha, ọkà wẹ́wẹ́ kan, fún àwọn tí dókítà ní kí wọ́n dín ìrẹsì kù. Èkó, Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi wà. Orí WhatsApp àti Instagram ni wọ́n ti ń rí mi, mọ́tò tó ń gbéra ní gáréèjì Jabi ló sì ń gbé ẹrù wọn lọ. Bàbá mi náà ṣòwò lókè níbí, ní Jos, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ayé ìgbà yẹn. Owó lọ́wọ́, ọjà lọ́wọ́ ni tiwọn. Tèmi, ẹni tó ń ra ọjà wà ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, a ò fojú kan ara wa rí, kò sì ní sanwó àfi kó rí ohun tó dà bí ilé ìtajà gidi. Nígbà tí owó tuntun dọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni mo ti mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí káàdì fi lè wọlé.

Ohun tí Paystack ń gbà lórí káàdì Nàìjíríà nìyí: 1.5% nínú iye ọjà, àti ₦100 lé e lórí. Bí owó ọjà kò bá tó ₦2,500, wọn kì í gba ₦100 yẹn. Bí ọjà bá sì tóbi tí ohun tí wọ́n fẹ́ yọ ń kọjá ₦2,000, wọ́n á dúró sí ₦2,000. Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀, kò sí owó oṣooṣù. Bí ẹ ò bá tajà, ẹ ò san nǹkan kan. Ẹ kò nílò wẹ́búsáìtì pàápàá, línkì tí ẹ bá ṣe lọ́dọ̀ wọn ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí oníbàárà.

1.5% yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Ẹ wo ₦100.

Ike dàbínù kékeré, ₦2,500 ni ọ̀pọ̀ àwa tí à ń tà á fi sí. Ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦37.50. Ẹ fi ₦100 kún un, ₦137.50 ti lọ, ₦2,362.50 ló máa wọ àkáǹtì yín. Ó dáa, ẹ tà á ní ₦2,400. ₦36 péré ni wọ́n máa yọ, ₦2,364 ló máa wọlé. Ẹ tún un ṣírò bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́. Ẹni tó tajà ní ₦2,400 gba náírà kan ààbọ̀ ju ẹni tó tà á ní ₦2,500 lọ, oníbàárà tún ń ṣàdúrà fún un pé ó dín owó kù fóun! Láti ₦2,500 títí dé nǹkan bí ₦2,600, ẹ má fi ọjà kankan síbẹ̀, nítorí ₦2,499 máa mú owó wá jù ú lọ. Ike tèmi ti di ₦2,450, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi bí dàbínù bá tún gbówó lórí.

Ọ̀rá kílíṣí tó jẹ́ ₦3,000 ló wá burú jù. ₦145 ni wọ́n ń yọ lórí rẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Èrè mi lórí ọ̀rá yẹn kì í ju ₦600 lọ, lẹ́yìn tí mo bá ti san ti Màláàmù, ti ọ̀rá àti ti ọ̀kadà láti Dei-Dei. Ẹ rí i pé ìdá kan nínú mẹ́rin èrè mi ló bá káàdì lọ. Bí oníbàárà bá ra ẹrù ₦12,000, ₦280 ni, mo lè gbé e mì. Bí wọ́n bá ní kí n di kílíṣí ₦150,000 fún àlejò ìnáwó, ₦2,000 ni wọ́n máa yọ, bó bá sì jẹ́ ₦400,000, ₦2,000 náà ni. Ẹ̀yin náà rí i: bí èèyàn bá ṣe lówó tó ni owó yẹn ṣe ń fúyẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Mi ò bínú sí Paystack o, kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìyá oníyangan mọ̀ kó tó ṣí línkì.

Àwọn kan máa ń sọ pé Paystack ń jẹ gbogbo owó yẹn. Rárá. Bíi ẹran Iléyá ni, ilé tó ń pín nínú rẹ̀ pọ̀. Báǹkì tó fún oníbàárà ní káàdì ní tirẹ̀, Verve tàbí Mastercard tàbí Visa tó ni àmì orí káàdì ní tirẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń gbé ìròyìn owó láti báǹkì dé báǹkì ní tirẹ̀, báǹkì tó ń gbowó náà wọlé ní tirẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni Paystack fi ń jẹun. POS orí káńtà dínwó jù ú lọ: 0.5% ni, kì í sì í kọjá ₦1,000, bí Báńkì Àpapọ̀ ṣe là á sílẹ̀. Lórí POS, káàdì wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín wà níbẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ lójú yín. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ò rí káàdì, a ò rí ẹni tó ni ín, ewu jìbìtì sì wà níbẹ̀. Ewu yẹn wà lára ohun tí à ń san lé lórí.

Ti òkè òkun tún yàtọ̀. Mo ní oníbàárà kan ní Manchester tó máa ń ra òrí àti acha fún màmá rẹ̀ ní Òṣogbo. Káàdì àwìn ló ń lò, irú èyí tí báǹkì máa kọ́kọ́ sanwó fún un, tí yóò wá dá a padà lóṣù tó ń bọ̀. Ti ọ̀pọ̀ wa níbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owó tó wà nínú àkáǹtì wa gan-an ni káàdì wa ń fà. Lórí káàdì tó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá, 3.9% ni Paystack ń gbà, pẹ̀lú ₦100, kò sì sí pé ó dé ₦2,000 ó dúró. Ẹrù ₦60,000 tó rà kẹ́yìn, ₦2,440 ló bá a lọ. Ká ní àbúrò rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo ló fi káàdì tirẹ̀ san án ni, ₦1,000 ni ì bá jẹ́. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kàn fi kún owó ọjà jàre, mi ò lè máa wá àbúrò mi kiri." Mo fi kún un. Àwọn ará òkè òkun kì í bínú sí irú èyí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún.

Àwọn ti Èkó ló ń bínú. Ibì kan wà nínú ètò Paystack tí ẹ ti lè sọ pé kí oníbàárà fúnra rẹ̀ máa san owó tí wọ́n ń yọ. Mo gbìyànjú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá kan fi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Ìyá Kílíṣí, ₦12,000 lẹ pè é, kí ló dé tí fóònù mi ń sọ nǹkan mìíràn? Ṣé kílíṣí ti ń bímọ lójú ọ̀nà ni?" Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n mo pa ètò náà. Owó tí èèyàn rí lójijì nígbà tó fẹ́ sanwó máa ń mú un rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ ni. Ó sàn kí ẹ ti fi sínú iye ọjà kí ẹ tó pè é. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn fi ₦280 lé ₦12,000, nítorí wọ́n máa yọ 1.5% lórí ₦280 náà. Ẹ fi ₦100 kún iye tí ẹ fẹ́ kó dé ọwọ́ yín, ẹ wá fi 0.985 pín in. ₦12,000 á di nǹkan bí ₦12,285. Èmi máa ń pè é ní ₦12,300, ọ̀rọ̀ parí.

Owó tí wọ́n bá fi káàdì san máa ń dé àkáǹtì mi lọ́jọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí Màláàmù kì í tajà láwìn. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Paystack, mo ti lo iléeṣẹ́ mìíràn tí mi ò ní dárúkọ. Iye tí wọ́n kọ sójú ìwé wọn kéré, àfìgbà tí owó wọlé tí mo rí i pé wọ́n tún yọ owó orí VAT, 7.5%, lé ohun tí wọ́n ti yọ lórí. Òótọ́ ni pé ìjọba ló ni VAT, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ níwájú! Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa bá yín gbowó pé, ṣé VAT wà nínú rẹ̀ àbí ó kù? Ẹ tún bi í pé, bí mo bá dá owó oníbàárà padà, ṣé ẹ máa dá èyí tí ẹ yọ padà fún mi? Ọ̀pọ̀ wọn kì í dá a padà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp kì í mọ̀ àfìgbà tó bá dé bá wọn. Ẹni tó fi káàdì sanwó lè lọ sí báǹkì rẹ̀ pé òun kọ́ lòun sanwó yẹn, kí wọ́n gbà á padà fóun. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ẹrù ₦38,000. Ọkùnrin kan ní Ìlọrin ní òun ò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ò ra kílíṣí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló lo káàdì bàbá. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá fi ẹ̀rí hàn kíákíá, mo sì ní i: ìwé wébíìlì láti gáréèjì, fọ́tò ẹrù tí orúkọ àti àdírẹ́sì wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọmọ náà jọ sọ lórí WhatsApp títí kan ibi tó ti kọ ọ́ pé "ẹ ṣeun ma, ó ti dé." Báǹkì rẹ̀ fi owó náà sílẹ̀ fún mi. Bí kò bá sí ìwé wébíìlì yẹn ni, kílíṣí lọ, owó lọ.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì mi kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Mo ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ló ń san ₦10, ₦25 tàbí ₦50 fún báǹkì rẹ̀, ₦50 ti ìjọba sì wà lórí ₦10,000 sókè. Kò wọ́n. Àmọ́ alert èké ti pọ̀ jù, èèyàn á tún máa wá orúkọ ẹni tó sanwó láàárín Adébáyọ̀ mẹ́ta. Ọ̀kan fi orúkọ ìyàwó san, ọ̀kan fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ìkẹta ò tíì san rárá, òun gan-an ló sì ń pariwo jù.

Ohun tó tán ọ̀rọ̀ náà fún mi ni àkáǹtì tí Paystack lè ṣí fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, tí òwò yín bá ti ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti CAC. Wema wà lára àwọn báǹkì tó ń fún wọn ní nọ́ńbà náà. Oníbàárà mi á máa fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tirẹ̀ nígbàkigbà, èmi á sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òun ni. 1% ni wọ́n ń yọ níbẹ̀, kì í kọjá ₦300, kò sì sí ₦100 kankan. Ọ̀rá kílíṣí ₦3,000 tó ń gbé ₦145 lọ tẹ́lẹ̀, ₦30 ló ń gbé lọ báyìí. Gbogbo àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi déédéé ni mo ti fún ní tiwọn, línkì káàdì wá kù fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ mí, tó bá ń ra ₦6,000 sókè, àti fún ẹni tó wà lókè òkun. Àfi ẹ̀gbọ́n kan ní Surulere tó ní òun ò fẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì tuntun láyé òun mọ́, Verve òun lòun fẹ́ máa fi ra kílíṣí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan òun. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, mò ń gbà á bẹ́ẹ̀.