Òróró ólífì: extra virgin àbí light?

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tẹ́ ẹ mọ òróró ólífì sí ti àdúrà nìkan, ẹ wá gbọ́ o 😂. Extra virgin, wọ́n kàn fún un lára èso ni, wọn ò fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́, ásíìdì ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 0.8% lọ, ó máa ń ta èèyàn lọ́fun díẹ̀, kò bàjẹ́ o, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Orí ẹ̀wà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ni mo máa ń wọ́n ọn sí. Light ní tiẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ọ̀rá ẹ̀ ò dín rárá, àwọ̀ àti adùn ló fúyẹ́, àmọ́ tó bá di ká din dòdò, òun ni kẹ́ ẹ mú, ó ń fara da iná. Ìjọ̀sí mo fi extra virgin din ẹja tí mo rà l'Ọ́jà Ọba, mo koná jù, èéfín gba gbogbo kíṣìnnì, ẹja wá korò bí ewúro.