RuPaul's Drag Race: Ohun Tí Aránṣọ Rí Níbẹ̀

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, aṣọ ìgbéyàwó àti aṣọ òde ni mo sì ń rán jù. N kò lè wo RuPaul's Drag Race bí ẹni tó kàn fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣe ń wò ó. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ètò ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n ni, láti Amẹ́ríkà. RuPaul, ọkùnrin tó gbajúmọ̀ fún mímúra bí obìnrin, ni atọ́kùn rẹ̀. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń díje. Wọ́n á múra bí obìnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní drag, wọ́n á rán aṣọ, wọ́n á kun ojú, wọ́n á ṣeré, wọ́n á jó, àwọn adájọ́ á sì máa lé wọn lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi ku ẹni tó máa gba adé. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2009 ló bẹ̀rẹ̀ lórí Logo, ìkànnì kékeré kan. Ní 2017 ó kó lọ sí VH1, ní 2023 ó bọ́ sí MTV. Láti 2018 dé 2021, ọdọọdún ló ń gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ ńlá ti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí ètò ìdíje tó dára jù lọ. Kò sí ẹni tó tún lè pè é ní ètò ẹ̀yìnkùlé.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo sì ní ẹ̀sùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn mọ́ mi jù, ìyẹn iṣẹ́ ọwọ́. Ní apá kìíní sáà kìíní, ọjà olówó pọ́ọ́kú àti aṣọ àlòkù ni wọ́n kó síwájú àwọn olùdíje pé kí wọ́n fi rán ohun tí wọn yóò wọ̀ jáde. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n níbẹ̀ láti ìgbà náà, ibẹ̀ lèèyàn sì ti ń mọ ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù gbígbóná bo ohun tí kò mọ̀ mọ́lẹ̀. Kì í dùn mọ́ aránṣọ láti rí gọ́ọ̀mù níbi tó yẹ kí òwú wà. Síbẹ̀, mo ti rí aṣọ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ tó dúró dáadáa lára ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ síwájú adájọ́ tó sì wọ̀ ọ́ bọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni aṣọ orí pèpéle fi ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ìyàwó tí mo bá rán ní láti fara da ìjókòó, ijó, oúnjẹ àti ìdìmọ́ra láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀, a kò lè fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n wọ́n.

Ibi tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ jù ni bí wọ́n ṣe ń sọ ara kan di òmíràn. Èjìká ọkùnrin sábà máa ń gbòòrò, ìbàdí rẹ̀ á sì tẹ́ẹ́rẹ́. Fóòmù tí wọ́n ń fi ṣe ìjókòó àga ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á fá etí rẹ̀ títí á fi tín-ín-rín kó má bàa hàn lábẹ́ aṣọ, wọ́n á kì í sí ìbàdí àti ìdí, wọ́n á wá fa ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó fún mọ́ra lé e lórí, ọ̀kan lé òmíràn, kí gbogbo rẹ̀ lè dán. Ní ti ojú, gọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò ni wọ́n fi ń tẹ irun òkè ojú mọ́lẹ̀, wọ́n á fi àtíkè bò ó mọ́ ara awọ, wọ́n á wá ya tuntun sókè rẹ̀, kí ojú lè tóbi kó sì là. Raven tó díje ní sáà kejì ló wá di ẹni tó ń kun ojú RuPaul fúnra rẹ̀. Zaldy ló rán ọ̀pọ̀ nínú aṣọ RuPaul, aṣọ wọ̀nyẹn sì ti gba Emmy fún un. Ẹ wo RuPaul nígbà tó bá wọ kóòtù wọ yàrá iṣẹ́ láti bá àwọn olùdíje sọ̀rọ̀, kí ẹ tún wò ó nígbà tó bá jáde sórí pèpéle pẹ̀lú irun aláwọ̀ wúrà àti aṣọ tó ń wọ́ nílẹ̀. Ẹni kan náà ni. Gbogbo ohun tó wà láàárín méjèèjì, iṣẹ́ ni.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọgbọ́n yìí ti pé, ẹ wo àṣekágbá sáà kẹsàn-án, ní 2017. Olùdíje kan, Sasha Velour, ń yí ẹnu tẹ̀lé orin Whitney Houston bíi pé òun ló ń kọ ọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ewé òdòdó rósì dà sílẹ̀ látinú rẹ̀. Nígbà tí orin wá gbóná, ó gbé wíìgì kúrò lórí, rósì pupa sì ya bo orí rẹ̀ tó pá. Mo dá fídíò náà dúró, mo dá a padà, mo tún dá a padà, torí mo fẹ́ mọ ibi tó kó wọn pamọ́ sí tí wíìgì náà kò fi wú.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní dé ibi òdòdó yẹn kí wọ́n tó pa tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ètò yìí rárá. Wọ́n ní Diutarónómì orí 22, ẹsẹ 5 ti sọ̀rọ̀ lórí ọkùnrin tó bá wọ aṣọ obìnrin, kò sí àlàyé míì tí wọ́n ń wá. N kì í bá wọn jiyàn lórí ẹ̀sìn, torí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fi gbà á. Ohun tí mo máa ń rán wọn létí ni pé kì í ṣe àná ni ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í múra bí obìnrin lórí tẹlifíṣọ̀n. Láti 1948 ni Milton Berle, aláwàdà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń wọ gáùn lórí ìkànnì NBC. Flip Wilson, aláwàdà míì, di obìnrin kan tó ń jẹ́ Geraldine lórí NBC kan náà láti 1970 sí 1974. Barry Humphries dá Dame Edna, obìnrin inú eré tó ń ṣe, sílẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1955, ó sì fi ṣeré títí ó fi di arúgbó. Paul O'Grady, nínú aṣọ Lily Savage, obìnrin inú eré tirẹ̀, ṣe atọ́kùn ètò ìdíje lórí BBC. Bàbá, ìyá àti ọmọ ló ń jókòó wò wọ́n.

Èsì ẹ̀gbọ́n mi kò ṣeé fojú di rárá. Wọ́n ní àwàdà nìyẹn: ọkùnrin náà á bọ́ gáùn, á padà sílé, gbogbo ayé ló mọ̀ pé eré ló ṣe. Wọ́n ní èyí kì í ṣe eré, ìgbésí ayé ni wọ́n ń gbé síwájú wa. Mo lè sọ pé Paul O'Grady náà kò fi pamọ́ pé ọkùnrin ló ń bá ọkùnrin gbé, àmọ́ mo gbà pé ìyàtọ̀ tí wọ́n tọ́ka sí wà lóòótọ́. Lórí Drag Race, iwájú dígí, níbi tí wọ́n ti ń kun ojú, ni wọ́n ti ń sọ ìtàn ara wọn: ẹni tí òbí rẹ̀ lé jáde, ẹni tí wọ́n na níléèwé. Ní sáà kìíní, Ongina dúró níwájú àwọn adájọ́, ó fi omijé sọ pé òun ní kòkòrò HIV. Lójú ẹ̀gbọ́n mi, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tó fi yẹ. Bí a bá lè wo ẹni tó fi aṣọ obìnrin pa wá lẹ́rìn-ín, ó yẹ kí a lè gbọ́ ọ nígbà tó bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀sùn tó wọ̀ mí lára jù kò ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wá. Ọ̀rẹ́ mi kan, obìnrin tó ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé, ló sọ pé àwa obìnrin gan-an ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: ọyàn rẹpẹtẹ, ohùn tín-ín-rín, obìnrin olójú kòkòrò, obìnrin tí kò ronú. Mo ti rí ohun tó ń sọ. Ó máa ń hàn jù nínú Snatch Game, níbi tí olùdíje kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe bí gbajúmọ̀ kan. Ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ á sá sínú ọyàn ńlá àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìdodo, ó sì máa ń ti èmi tí mò ń wò lójú. Àmọ́ ẹ wo BenDeLaCreme nígbà tó ṣe Maggie Smith ní 2014, tàbí Jinkx Monsoon nígbà tó ṣe Judy Garland ní 2022. Wọ́n ti wo obìnrin náà fínnífínní: bó ṣe ń dákẹ́, bó ṣe ń mí, ibi tí ìbànújẹ́ rẹ̀ ń gbà yọ nínú ẹ̀rín. Ẹni tí kò ka obìnrin sí kò lè wo obìnrin tó bẹ́ẹ̀.

Ohun míì tún wà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi yìí. Àwọn oníbàárà mi ń wọ aṣọ tó há wọn níbàdí, wọ́n ń wọ bàtà gogoro tó ń bó wọn lẹ́sẹ̀, gbogbo ayé sì ń ṣe bíi pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá wọn. Lórí ètò yìí, gbogbo ènìyàn ló ń rí okùn tí wọ́n ń fà, wákàtí tí wọ́n ń lò níwájú dígí, ẹsẹ̀ tó wú lẹ́yìn tí bàtà bá kúrò. N kò tíì rí ètò mìíràn tó fi han gbogbo ènìyàn tó báyìí pé iṣẹ́ àṣelàágùn ni ẹwà tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin.

Ó ní ibi tí ètò náà ti ṣe ohun tí kò dára sí àwọn tó sún mọ́ ọn jù. Ní 2014 ó fi ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin trans (àwọn tí wọ́n bí lọ́kùnrin àmọ́ tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin) ṣeré. Inú bí àwọn èèyàn, ìkànnì náà sì yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ní 2018 RuPaul sọ fún ìwé ìròyìn Guardian pé ó ṣeé ṣe kí òun má gba obìnrin trans tó ti yí ara rẹ̀ padà láàyè láti díje. Ó tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà. Ní 2021 Kylie Sonique Love, obìnrin trans, gba adé All Stars, ìdíje tí wọ́n ń ṣe fún àwọn olùdíje àtijọ́, Gottmik tó jẹ́ ọkùnrin trans sì dé àṣekágbá sáà 13. Lọ́dún kan náà, Victoria Scone, obìnrin tí wọ́n bí lóbìnrin, díje nínú irú ètò yìí tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àríwísí àwọn olólùfẹ́ ètò náà fúnra wọn ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ó yẹ kí wọ́n gba ìyìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń bí mi nínú jù. Ẹ̀bùn sáà kìíní, tí BeBe Zahara Benet ọmọ bíbí Kamẹrúùnù gbà, jẹ́ 20,000 dọ́là. Nígbà tó fi máa di sáà 15, ó ti di 200,000. Bí ẹ̀bùn ṣe ń ga ni aṣọ tí wọ́n ń retí lára olùdíje náà ń wọ́n sí i, àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ń rà á kí wọ́n tó dé. Àwọn kan ti sọ ní gbangba pé gbèsè làwọn jẹ. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ lórí BBC ní 2019, kò sí ẹ̀bùn owó rárá fún ẹni tó bá gbégbá orókè. Síbẹ̀, ní sáà kejì rẹ̀, tí wọ́n dá dúró fún oṣù mélòó kan nítorí kòrónà, RuPaul jágbe mọ́ Joe Black lórí pèpéle nítorí pé aṣọ H&M, ilé ìtajà aṣọ ńlá kan, ló wọ̀. Gbogbo ibi tí àwọn òṣèré yìí ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ ló ti tì pa lásìkò yẹn! Mo jẹ́ aránṣọ, ó yẹ kí inú mi dùn tí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n má wọ aṣọ ilé ìtajà. Inú mi kò dùn. Aṣọ rírán máa ń gba owó. Ẹni tí kò bá sanwó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú pé wọn ò ránṣọ.

Ní ti àwọn ọmọdé, ètò yìí kì í ṣe tiwọn, n kò sì jẹ́ kí wọ́n jókòó tì mí tí mo bá ń wò ó. Èébú pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń rùn pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ òbí nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Tennessee ṣe òfin ní 2023 láti ká irú eré báyìí lọ́wọ́ kò níbi tí ọmọdé bá ti lè rí i, ọ̀ràn náà sì dé ilé ẹjọ́. Èmi rò pé òbí tó mú rìmóòtù dání kò nílò ọlọ́pàá.

Àbùkù tó kù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gé fídíò ló wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, MTV gé apá kọ̀ọ̀kan sí wákàtí kan, títí kan ìpolówó ọjà. Aṣọ tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ rán ń kọjá kí ojú tó rí etí rẹ̀, àmọ́ ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn kò kù síbìkan. Àwọn òǹwòran pariwo títí wọ́n fi dá àkókò rẹ̀ padà sí wákàtí kan àtààbọ̀. Untucked, ètò ẹ̀yìn pèpéle tí wọ́n máa ń fi hàn tẹ̀ lé e, ìjà ló kún inú rẹ̀, mo máa ń fò ó.

Máàkì tèmi jẹ́ 7 nínú 10. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ láti sáà karùn-ún, torí Jinkx Monsoon, kó tó bọ́ sí sáà kẹsàn-án. Tó bá jẹ́ aránṣọ bíi tèmi, kó wá àwọn apá tí wọ́n ti ń ránṣọ fúnra wọn, kó sì fi bọ́tìnì ìdádúró sí ìtòsí.