Ọkọ̀ ojú omi àlòkù tí mo rà ní Ìkéré

Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, n kò sì ní ọkọ̀ ojú omi rí. Ọwọ́ bàbá apẹja kan létí adágún Ìkéré, lápá Ìsẹ́yìn, ni mo ti ra ọkọ̀ onípákó yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Kí n tó sanwó, wọ́n ní kí n fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún ìdí ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó pọ̀ le gbọn-in. Àmọ́ níbi tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́, ọ̀bẹ wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni gún ẹ̀kọ: pákó ti jẹrà. Wọ́n yọ owó àtúnṣe kúrò lójú ẹsẹ̀, káfíńtà sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì Yamaha rẹ̀ máa ń lọ́ra láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti dáhùn, omi ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹ má fojú fo omi yẹn o! Bí kò bá jáde, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì nọ́ọ̀kì. Orí omi ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, kì í ṣe lórí ilẹ̀.

Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kò sí lára ohun tí bàbá náà tà fún mi. Tuntun ni mo rà. N kò ní gba àlòkù ìyẹn láéláé.