Tutorial calculus tí mo ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta: bẹ́ǹṣì ò dáa, tíṣà dáa

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sára pépà, mẹ́wàá ku díẹ̀ ni tíṣà wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì sì ń ké bíi pé òun ni wọ́n bẹ̀ kó wá kọ́ wa. ₦15,000 ni mo san fún Sátidé mẹ́rin, torí carryover tí integration (ìṣirò àyè tó wà lábẹ́ ìlà graph) kó bá mi. Bẹ́ǹṣì wọn ń dun èèyàn ní ìdí. Handout, ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ̀dá tó kọ́ wa ní log àti exponential yẹn ha, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ báńkì láé.

Ṣé ẹ mọ òfin yẹn, pé tó o bá fẹ́ integrate x tó ní power, fi 1 kún power, kó o fi power tuntun pín in. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí tó o fi dórí 1/x. -1 ni power ibẹ̀, fi 1 kún un ó di òdo, ta ló fẹ́ fi òdo pín nǹkan? Níbi tí mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ wọ́n kàn ní ln x, ìyẹn irú log kan, ni ìdáhùn, ká há a sórí. Mo há a. Mo gbàgbé ẹ̀ nínú hall.

Bọ̀dá yìí ò sọ ìdáhùn kankan. Wọ́n pín graph paper, wọ́n ní ká ya 1/x, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 1 lápá méjèèjì (square kéékèèké 100 ló máa wà nínú 1 kan), ká máa ka àwọn square kéékèèké tó wà lábẹ́ ìlà láti 1 dé 2. Mo ka 70, ọmọbìnrin tá a jọ jókòó ka 68. Wọ́n ní ká tún ka 2 dé 4. Ìlà ti ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n àyè ti fẹ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí n tó gbà, 69! Ká tún ka 4 dé 8, nǹkan kan náà. Gbogbo ìgbà tí x bá di ìlọ́po méjì, bíi 69 kan náà ló ń wọlé, tàìmsì ti di àròpọ̀, àbí kí ni log tún ń ṣe jùyẹn lọ? Ohun tí John Napier tìtorí ẹ̀ gbé log jáde ní 1614 nìyẹn. Wọ́n wá ní ká fi 2.303, ìyẹn ln 10, pín 0.693 (square 69 àti díẹ̀ yẹn tá a fi 100 pín), ó di 0.301, log 2 inú four-figure table tá a lò ní sẹ́kọ́ńdírì! Àfi bíi kéèyàn ṣàdédé pàdé ojúlùmọ̀ ní Kútọ̀.

Ká wá máa kà láti 1 títí square á fi pé 100. Mo kọjá 2.7 díẹ̀ kó tó pé. Ìyẹn ni e, 2.718. Ẹnì kan ní kí ló kan e pẹ̀lú owó, ni wọ́n bá mú sógúndogójì jáde. ₦1,000 di ₦2,000 lọ́dún. Tí olówó èlé bá ń ka èlé lórí èlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ₦2,250, lóṣooṣù, bíi ₦2,613, lójoojúmọ́, bíi ₦2,715, kódà kó máa kà á ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, kò lè kọjá ₦2,718 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Mo sọ ọ́ fún màmá mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, wọ́n ní àwọn tó yá àwọn lówó ò mọ̀ pé ó lópin.

Fún e^x, ìyẹn e tó ní power x, wọ́n ní ká dà pépà dé sójú fèrèsé kí apá x di apá y. Ìlà ln x di e^x lójú wa báyìí. Slope (bí ìlà ṣe ń gòkè tó) tó jẹ́ 1/x náà dojú dé, ó di x, x yẹn ló sì ti di gíga ibi tó o wà, ìdí nìyẹn tó o bá differentiate e^x (kó o wá slope ẹ̀) àbí o integrate ẹ̀, òun náà ló ń jáde.

Sátidé kẹta, tíṣà mìíràn ló wá. Integration ln x, ó kọ x ln x − x sójú bọ́ọ̀dù, ó fi + C sí i, ó ní "ó yá, next". Ìràwọ̀ kan tí mo yọ nínú márùn-ún nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú graph paper tiyín dání, ₦100 ni wọ́n ń ta ewé kan.