Kámẹ́rà tàbí àbẹ̀wò òjijì?

Àwọn tí ẹbí wọn ń gbé ní ilé ìtọ́jú ọpọlọ tàbí ilé àwọn akàndá ẹ̀dá tó jẹ́ ti ìjọba máa ń béèrè pé: ṣé kámẹ́rà ló yẹ ká bèèrè fún ni, àbí àwọn olùbẹ̀wò láti ìta tí yóò máa yọ sí wọn lójijì?

Ní ti owó, kámẹ́rà ń gba owó ńlá lẹ́ẹ̀kan, àtúnṣe sì ń tẹ̀lé e. Owó oṣù olùbẹ̀wò kì í tán. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rí ló ká mi lára jù. Bí wọ́n bá gbá aláìsàn létí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago méjì òru, kámẹ́rà á ká a, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ á sì ní ẹ̀rí. Àmọ́ kò yẹ kó wọ balùwẹ̀, ìyà sì lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọ̀gá ilé náà ló ń tọ́jú àwòrán, ó lè pa á rẹ́.

Olùbẹ̀wò ń jókòó ti ènìyàn, ó ń wo ọrùn ọwọ́ bóyá àpá okùn wà níbẹ̀, ó ń yẹ ìwé oògùn wò. Abala 16 àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá ní kí àwọn aláṣẹ tó dá dúró máa ṣọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ewu àbẹ̀wò ni pé bí olùbẹ̀wò bá lọ tán, ọwọ́ ẹni tí aláìsàn fẹjọ́ rẹ̀ sùn náà ni aláìsàn ń padà sí.

Bó bá jẹ́ lílù lóru ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kámẹ́rà ló yá, bí àwòrán bá wà lọ́wọ́ ará ìta. Bó bá jẹ́ ìdè, ebi tàbí oògùn àpọ̀jù, àbẹ̀wò òjijì ni kẹ́ ẹ bèèrè fún.