Ṣọ́ọ̀bù àwo orin àtijọ́ kan l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin àtijọ́, ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá kan nítòsí ọjà Wàńdó. Àwo Poly-Rythmo, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Benin, tí ilé-iṣẹ́ àwo orin Albarika Store gbé jáde wà ńbẹ̀, ti Gnonnas Pedro, olórin Benin, wà, ti Yusuf Olatunji onísákárà náà ò gbẹ́yìn. Bàbá á fi aṣọ nu àwo, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gbé e lé àwo, bó ṣe ń dún ṣàà-ṣàà tí gòjé wá wọlé báyìí, orí mi wú, àfi bíi pé mo tún gbóhùn bàbá mi, “ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn o!” Àwo ibẹ̀ wọ́n díẹ̀ ṣá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ojú àwo méjèèjì fún yín gbọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ojú kejì tèmi ń fò.