Wellerman àbí Drunken Sailor, èwo ló ń mú ara yá jù?

Ẹni tó bá ń wá orin atukọ̀ tó gbóná, méjì yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, àmọ́ wọn ò jọra rárá o. Wellerman, New Zealand ló ti wá, orin àwọn tó ń pa ẹja àbùùbùtán ni, wọ́n ń retí ọkọ̀ tó máa gbé ṣúgà, tíì àti ọtí rọ́ọ̀mù wá fún wọn, Nathan Evans ọmọ Scotland wá kọ ọ́ lórí TikTok, ká tó pajú pẹ́ ní 2021 gbogbo ayé ti ń gbè é. Ó dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàn ló ń sọ, kì í ṣe orin iṣẹ́ gan-an.

Drunken Sailor ní tiẹ̀, iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi ń ṣe láyé ọkọ̀ onígbòkun! Wọ́n á di okùn ìgbòkun mú, wọ́n á máa fà á lọ, ẹni tó ń lé orin á béèrè pé kí la máa ṣe fún atukọ̀ tó mutí yó láàárọ̀ kùtù, àwọn yòókù á gbè é, ẹsẹ̀ á máa dún gbì gbì. Lílé àti ègbè, bíi tiwa náà.

Èmi o, tí mo bá ń fọṣọ, Drunken Sailor ni jàre, mi kì í mọ ìgbà tí bàsíà kejì ń tán. Wellerman, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń gbọ́ ọ.